Ẹ Jókòó Ti Màmá Kẹ́ Ẹ Bá Wọn To Fóònù Yẹn

Ọ̀pọ̀ wa la máa ń ra fóònù fún àwọn òbí wa. A ó rà á, a ó ki síìmù bọ̀ ọ́, a ó fi WhatsApp sí i, a ó jọ ya fọ́tò, ó di ó dàbọ̀. Èmi fẹ́ràn tẹknọ́lọ́jì gan-an, gbogbo nǹkan tuntun tó bá jáde ni mo máa ń fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù àwọn àgbà yìí ń dùn mí, torí inú fóònù yẹn lowó wọn wà báyìí, nọ́ńbà yẹn ni NIN wọn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà) so mọ́, ibẹ̀ lẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé, ibẹ̀ nìjọ àti mọ̀lẹ́bí ti ń rí ara wọn, àwa tá a sì gbé e lé wọn lọ́wọ́ ò jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan ṣoṣo. Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, ẹni tó bá ti mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti gbé e àti ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti pa á, ó ti mọ gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá ń kó nǹkan rọ́ sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, dé ní 2014, báǹkì gbé kóòdù téèyàn fi ń fowó ránṣẹ́ bíi *737# jáde, nígbà tówó pépà wá wọ́n gógó níbẹ̀rẹ̀ 2023, ìyá tí ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tiransifáà sétí tẹ́lẹ̀ náà di ẹni tó ń gba tiransifáà lórí àtẹ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́.

Àwọn kan á ní àwọn àgbà ò gbọ́n sí fóònù ni. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìyá tó ti ń tajà ní Bódìjà látọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ fún un ní ayédèrú náírà kẹ́ ẹ wò ó, á ti fìka mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó yíjú. Ọgbọ́n ò wọ́n wọn. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ohun tó wà lójú fóònù, lẹ́tà ẹ̀ wẹ́wẹ́, àwọn tó ṣe é ò sì ro ti ẹni àádọ́rin ọdún tójú ti ń ṣe bàìbàì. Torí náà àwa la máa bá wọn tún un ṣe.

Ẹ wá ọjọ́ tí kò sọ́jà, tí kò sálejò, kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ wọn o. Ìka tiwọn ni kó máa tẹ̀ ẹ́, kódà bó bá pẹ́, torí ohun téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ló máa ń rántí. Ẹ má sì pariwo mọ́ wọn, màá padà sórí ọ̀rọ̀ ariwo yìí nísàlẹ̀ torí ó ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ojú fóònù la ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Display, ẹ wá Font size, ẹ jẹ́ kí wọ́n fìka fà á títí lẹ́tà á fi tó bí wọ́n ṣe fẹ́, kì í ṣe bó ṣe rọ ẹ̀yin lójú. Lẹ́yìn náà ẹ palẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́ mọ́: ibi ìpè, WhatsApp, kámẹ́rà, tọ́ọ̀ṣì, rédíò, ó tó. Gbogbo géèmù àti àwọn áàpù tó bá fóònù wá tí kò wúlò, ẹ yọ wọ́n. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé ìpolówó ọjà ló máa ń yọ lójú wọn láàárọ̀, owó yíyá ni wọ́n sì sábà máa ń polówó, ẹ wọ Notifications kẹ́ ẹ pa gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn áàpù tó ń yáni lówó yìí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn wo gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín, tówó bá wá pẹ́ díẹ̀ wọ́n á máa pe pásítọ̀ yín àti àna yín láti fi yín ṣẹ̀sín. Kó máà sí ọ̀kankan níbẹ̀ rárá.

Ẹ fi fọ́tò sí orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n máa ń pè. Èyí ṣe pàtàkì fẹ́ni tí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà, tí fóònù bá ti dún, ojú ọmọ wọn ni wọ́n máa rí, wọn ò ní máa bi ọmọ aládùúgbò pé ta ló ń pè. Àwọn tó ń kọ Yorùbá, Gboard, áàpù kíbọ́ọ̀dù Google, ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó ní àmì ohùn, ẹ bá wọn tàn án. Àwọn tí ò fẹ́ tẹ nǹkan kan, voice note ti ràn wọ́n lọ́wọ́ jù. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí WhatsApp ṣe, voice note ló dára jù fún wa, torí ìyá tí ò kàwé lè bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín pẹ̀lú gbogbo òwe tó wà lẹ́nu ẹ̀, ọmọ á sì gbọ́ ọ nígbà tó bá délé láti ibi iṣẹ́.

Ó wá kan síìmù, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ní. Òun ló wà lára kálẹ́ńdà ẹgbẹ́, òun ló wà lára táásì Bàbá, òun ni wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù gàdàgbà, òun náà ló so mọ́ báǹkì. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ya owó sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní nọ́ńbà kejì tó jẹ́ pé báǹkì nìkan ló mọ̀ ọ́n, kí wọ́n lọ sí báǹkì fúnra wọn lọ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ki síìmù yẹn bọ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí wọn ò ní máa gbé jáde. Kóòdù báǹkì ò nílò dátà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré dáadáa, álẹ́ẹ̀tì náà á máa wọlé síbẹ̀. Tí wọ́n bá wá já fóònù ńlá gbà nínú dáńfó, fóònù nìkan ni wọ́n gbé lọ, ọ̀nà owó ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí síìmù yẹn sùn o! Lábẹ́ òfin NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò náwó lórí ẹ̀ fún oṣù 6, wọ́n lè pa á, tó bá tún wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù 6 míì, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíì, ẹni yẹn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì ìyá yín. Torí náà ẹ máa ra káàdì díẹ̀ sí i lóṣooṣù, kí wọ́n máa fi pe ẹnì kan.

Àwọn tó bá sì jẹ́ síìmù kan náà ni wọ́n máa lò, ẹ bá wọn fi PIN ti síìmù fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fóònù pa pẹ̀lú ìka ọwọ́ tí wọ́n fi síìmù sílẹ̀, àfi bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú tó ṣí tẹ̀yìn kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù yín ò ní kan olè, síìmù ló máa yọ, á kì í bọ fóònù tiẹ̀, gbogbo OTP (nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí owó) tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ á máa wọlé sọ́dọ̀ ẹ̀. Tí PIN bá wà lórí síìmù, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kì í bọ fóònù míì ló máa béèrè. Ẹ wọ Settings, ẹ wá Security, ibẹ̀ lẹ ti máa rí SIM lock. Ó máa kọ́kọ́ béèrè PIN tí síìmù bá wá láti ilé iṣẹ́, ẹ má fi àbá tẹ̀ ẹ́ o, ẹ pe kọsitómà kíà kí wọ́n sọ ọ́ fún yín, torí tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó máa tì, á máa béèrè PUK, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti tì, tẹ́ ẹ bá sì ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá síìmù yẹn ti kú nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà tó ní dígíìtì 15 tó máa yọ yẹn ni IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ tún fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tó ń wọlé lọ́sàn-án lóru á dáwọ́ dúró, èyí á jẹ́ kí Màmá lè rí àtẹ̀jíṣẹ́ gidi nígbà tó bá wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwọn tó ń pe àgbà lórí fóònù. Ó máa ń rí báyìí. Ọ̀sán gangan, Màmá wà lórí àtẹ, wọ́n ń wọn gàrí ní kóńgò fún oníbàárà. Fóònù dún. Ohùn tó tutù ni, ó kí wọn bó ṣe yẹ: «Ẹ káàsán mà, ẹ kú ọjà o.» Ó pe orúkọ wọn pé pérépéré, ó dárúkọ báǹkì wọn, nígbà míì ó tiẹ̀ lè ka díẹ̀ nínú BVN wọn sí wọn létí. «Màmá, wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì yín lónìí, NIN yín ò tíì wọlé, mi ò fẹ́ kówó yín há ni mo ṣe pè. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ báyìí, ẹ tètè kà á fún mi.» Nọ́ńbà wọlé lóòótọ́. Ohun tí Màmá ò mọ̀ ni pé ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń tẹ nǹkan lórí fóònù tiẹ̀, òun ló jẹ́ kí báǹkì fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́, báǹkì ń bi Màmá pé ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é? Bí wọ́n bá ti ka nọ́ńbà yẹn síta, bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n dá báǹkì lóhùn yẹn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kìlọ̀ o, ó ní kẹ́ ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Òyìnbó ló fi sọ ọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo báǹkì tó ń gba owó àwọn ìyá ọlọ́jà máa fi Yorùbá kọ ìkìlọ̀ yẹn, kò le rárá, gbólóhùn kan ni. Títí wọ́n á fi ṣe é, àwa ọmọ la máa sọ ọ́ fún wọn, ẹ sì sọ ọ́ báyìí: «Màmá, nọ́ńbà tó bá wọlé nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ kà á fẹ́nikẹ́ni, ìbáà ṣe báǹkì, ìbáà ṣe pásítọ̀ tàbí àlùfáà, ìbáà ṣe èmi ọmọ yín.» Ẹ fi ara yín kún un, torí tẹ́ ẹ bá fi ẹnì kan sílẹ̀, ẹni yẹn ni gbájú-ẹ̀ máa fara wé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá mọ orúkọ wọn àti BVN wọn ò tíì di òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn nǹkan yẹn ti wà káàkiri. Tẹ́nikẹ́ni bá pè pé báǹkì ni, kí wọ́n pa á, kí wọ́n rìn lọ sí báǹkì lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n má sì tijú láti pa á. Àwọn àgbà wa ò fẹ́ràn láti já fóònù mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lójú, ọmọlúàbí ni wọ́n, ìwà yẹn gan-an sì làwọn olè yìí ń lò. Ẹ gbà wọ́n láyè láti ṣe àfojúdi síbẹ̀.

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ń gba WhatsApp. Wọ́n á ní ìjọ fẹ́ ṣe àdúrà lórí Zoom, kóòdù kan máa wọlé, ẹ kà á fún wa ká lè fi yín kún un. Kóòdù WhatsApp yín ni. Bí wọ́n bá ti kà á, WhatsApp ti bọ́ sọ́wọ́ olè, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Màmá yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ wọ Settings inú WhatsApp, ẹ lọ sí Account, ẹ tan Two-step verification, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n lè rántí sí i, kì í ṣe ọjọ́ ìbí wọn, kẹ́ ẹ sì fi ímeèlì tiyín sí i kí wọ́n má baà há síta tí wọ́n bá gbàgbé. Ẹ wá lọ sí Privacy, níbi Groups ẹ mú My contacts, kí àjèjì má lè fà wọ́n sínú gúrúùpù owó ìlọ́po méjì. Níbi Calls náà, ẹ tan Silence unknown callers. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ máa wo Linked devices, tẹ́ ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tẹ́ ò mọ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ohùn ti wá ṣeé ṣe ní ayédèrú báyìí. Kọ̀ǹpútà á gbọ́ ohùn yín díẹ̀ nínú fídíò tẹ́ ẹ gbé sórí ayélujára, á máa sọ̀rọ̀ bíi yín, á pe Màmá pé mo ti ní jàm̀bá mọ́tò o, ẹ fowó ránṣẹ́ sí dókítà. Kò síyàá tí àyà ẹ̀ ò ní já. Torí náà kí ìdílé ní ìbéèrè kan tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìdáhùn ẹ̀. Àwọn kan á ní ká lo oríkì. Ó dùn létí, àmọ́ oríkì wa ti kún Facebook, gbogbo ọjọ́ ìbí la máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ fáyé rí. Ẹ mú nǹkan tí ò sí níbì kankan: orúkọ ajá tẹ́ ẹ ní nílé àtijọ́, oúnjẹ tẹ́ ẹ máa ń sá fún nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré. Kí Màmá bi yín gan-an lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pè fún owó lóòótọ́, kẹ́ ẹ sì dáhùn láì bínú.

Ẹni tó bá ń tajà, ẹ fi èyí kún tiẹ̀. Álẹ́ẹ̀tì inú àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó, ẹnikẹ́ni lè tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báǹkì. Kí wọ́n wo iye tó wà nínú àkáǹtì kọ́jà tó kúrò lórí àtẹ, kí oníbàárà dúró, ẹni tó bá ń kánjú jù ni kí wọ́n ṣọ́ra fún jù.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri ńkọ́? Ẹ rántí àrùn Ebola. Ó wọ Èkó ní July 2014, nígbà tó di August, lóru ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ gba orí fóònù pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu nínú ẹ̀. Òbí pe ọmọ, ọmọ pe òbí, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti kárí. Àwọn kan dèrò ọsibítù, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gan-an jáde wá sọ pé irọ́ ni. Ìfẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn rìn lóru, ẹni tó pè yín láago méjì òru ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Màmá ò ṣe ní sùn títí wọ́n á fi fi ti ewé tó ń wo àtọ̀gbẹ ránṣẹ́ sí yín, torí náà ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nínú gúrúùpù mọ̀lẹ́bí. Ẹ fi ọfà méjì tó wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn hàn wọ́n, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ó ti tọwọ́ èèyàn kan bọ́ sí tòmíì ó kéré tán lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ò mọ̀ wọ́n. Láti 2020, WhatsApp ò jẹ́ kí irú ẹ̀ lọ ju ẹnì kan tàbí gúrúùpù kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní tó bá ti ní ọfà méjì, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan, kẹ́ ẹ sì dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn o. Tẹ́ ò bá dáhùn, wọn ò ní bi yín mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, ẹ lè ṣe púpọ̀ nínú èyí lórí ìpè fídíò, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kan jókòó ti Màmá. Ọ̀rọ̀ fóònù tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Èyí tẹ́ ẹ bá ń san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún nẹ́tíwọ̀kì lọ́hùn-ún sábà máa ń wà ní títì, síìmù Nàìjíríà ò ní ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti orí iPhone 14 tó jáde ní 2022 náà ò níhò síìmù rárá, eSIM, síìmù tí kò ṣeé fọwọ́ mú, nìkan ló ń gbà, àfi kí Màmá lọ tò ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì kí wọ́n bá wọn yí tiwọn padà. Ẹ ra Android tó níhò síìmù méjì fún wọn nílé, ó tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Mo ní màá padà sórí ariwo. Tówó bá lọ, ọ̀pọ̀ àgbà kì í sọ. Ẹ̀rù pé àwọn ọmọ á pariwo mọ́ wọn, á gba fóònù lọ́wọ́ wọn bí ọmọ kékeré, ló ń jẹ́ kí wọ́n pa á mọ́ra, wákàtí tí wọ́n fi pa á mọ́ra yẹn lolè fi ń gbé owó láti àkáǹtì kan sí òmíì. Torí náà kẹ́ ẹ tó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ ọ́ sí wọn létí pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, mi ò ní bínú. Kẹ́ ẹ má sì bínú lóòótọ́. Lójú ẹsẹ̀ ẹ pe báǹkì kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí wọ́n sì bá báǹkì tówó lọ sí sọ̀rọ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má wá nọ́ńbà kọsitómà kíà lórí Facebook torí àwọn olè náà ti kọ tiwọn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé fóònù ni wọ́n jí, ẹ pe nẹ́tíwọ̀kì kí wọ́n ti síìmù. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ orúkọ àkáǹtì tówó lọ sí, aago tó lọ àti nọ́ńbà tó pè dání.

Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, ti báǹkì, ti nẹ́tíwọ̀kì, tiyín, IMEI, 112 náà fún pàjáwìrì, ẹ fi bírò kọ wọ́n gàdàgbà sórí pépà, ẹ má kọ PIN kankan síbẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, kẹ́ ẹ sì fi ibi tó wà han ọmọ tó ń bá wọn gbé.